Iyùn Ẹlẹ́nu Púpọ̀ tí Yéyé Omíṣadé Fi Sílẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ń jẹ àgbàdo sísun kó rọra máa jẹ ẹ́, kí ariwo eyín rẹ̀ má bo ìtàn mi mọ́lẹ̀. Ìyá Móríyìkẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ ní kí n dúró jẹ oúnjẹ alẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mi ò ní dúró. Ẹ má bínú, ẹ má sì fajú ro sí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èmi Ọdẹ́ṣínà, tí mo wọ igbó tí ọ̀bọ ń bẹ̀rù láti fò níbẹ̀, tí ìkookò rí mi tó yà fún mi lọ́nà tó sì béèrè àlàáfíà ilé mi, mi ò ní sọ ìtàn ara mi lónìí. Baba Ṣàkì, ẹ má dijú! Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ti ẹfọ̀n olórí méjì títí ó fi sú yín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kí n tún un sọ. Tòní, ìtàn ọdẹ kan tó jù mí lọ ni. Ọdẹ tó ju èmi lọ! Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́.

Gbogbo yín mọ iyùn. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí ọba ń fi sọ́rùn, tí ìyàwó tuntun ń fi ṣe fáàrí. Ẹ rò pé òkúta ni. Iyùn kì í ṣe òkúta o. Egungun ni. Ohun abẹ̀mí kan ló kọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ òkun bí ikán ṣe ń kọ́ ilé, ó ń gbé inú rẹ̀, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń bímọ. Èyí tó wà lọ́rùn yín yẹn, onílé ti kú, ilé ló kù. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí kò rí òkun rí ní í pe ọ̀sà ní baba omi.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdó-Àpáta, ìlú orí òkè níbi tí òkun ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọdẹ́yalé lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìbọn rẹ̀ kì í sì í tàsé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ìgboyà rẹ̀ wà. Bí Àwẹ̀ró bá rẹ́rìn-ín sí i láàárọ̀, ó lè bá erin wọ ìjàkadì. Bí Àwẹ̀ró bá fajú ro, adìẹ lásán lè lé e wọlé.

Ọmọ etí òkun ni Àwẹ̀ró, òun ni àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí òkun ru, tó gbé abúlé wọn mì, ìyá rẹ̀, Yéyé Omíṣadé, gun òkè wá bá ọmọ àti àna rẹ̀ gbé. Kò gbé aṣọ, kò gbé àwo. Ìkòkò dígí ńlá kan ló rù dé, irú èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń tà. Omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, iyùn ààyè kan sì jókòó sí ìsàlẹ̀ omi náà. Ó tó orí ọmọ ọwọ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀, ẹnu kéékèèké wà káàkiri ara rẹ̀, ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó ń mì lẹ́lẹ́ sì yí ẹnu kọ̀ọ̀kan ká.

Yàrá ẹ̀yìn ni Yéyé gbé e sí, níbi tí oòrùn kì í dé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á wọlé tọ̀ ọ́ lọ, á ta aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, wọn á sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwẹ̀ró rò pé àdúrà ọmọ ni ìyá òun ń gbà fún òun, nítorí ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò sì tíì gbọ́ igbe ìkókó. Ọdẹ́yalé náà rò bẹ́ẹ̀. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ṣe àmín láti ìta.

Lọ́jọ́ kan Yéyé Omíṣadé sùn, kò jí mọ́. Kò ṣàìsàn, kò pe ẹnikẹ́ni pé báyìí ni kí ẹ ṣe. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Nígbà tí àwọn àlejò tú ká, Àwẹ̀ró wọ yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó ti ìkòkò dígí náà, ó sì kọ oúnjẹ. Ẹ̀kọ ni o, iyán ni o, á fọwọ́ kàn án, á tì í sẹ́yìn. Kò sunkún, kò jà. Iyùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó pa àwọn ẹnu rẹ̀ dé. Àwọ̀ àgbálùmọ̀ náà ń ṣá, ẹran ara rẹ̀ ń súnkì, egungun funfun ń yọ lára rẹ̀.

“Ọkọ mi,” ni Àwẹ̀ró wí, “ohun tó kù nínú ilé ìyá mi nìyí. Òkun ti kó ìyókù. Bí èyí náà bá kú, mi ò mọ ohun tí mo tún ń jẹun fún.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́yalé lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú iyùn náà bí ará òkè ṣe mọ̀. Ó ní ohun tó bá ń ṣá, oòrùn ló ń fẹ́, ó gbé ìkòkò náà sí ojú fèrèsé. Ó rí i pé omi inú rẹ̀ ń fà, ó ní ọmọ omi iyọ̀ kúkú ni, ó po iyọ̀ mọ́ omi, ó ń bù ú kún un. Ó wá lọ edé gbígbẹ kúnná, ó fi í sí ẹnu tó tóbi jù lọ lára rẹ̀. Ó ní, “Àgbà nìyí. Bí àgbà bá ti gbà á, yóò pín in fún àwọn àbúrò rẹ̀.”

Ẹ̀yin ará ibí, èwo ni kò dára níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé wa ni? Ẹ mi orí yín dáadáa. Ẹ ó tún un mì lọ́nà mìíràn láìpẹ́.

Ńṣe ni iyùn náà ń burú sí i. Ẹnu ńlá yẹn nìkan ló sanra, ìyókù ń gbẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, eérún kan já lára rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó kàn ń wò ó ṣáá. Èyí ló lé Ọdẹ́yalé kúrò nílé.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, ẹni tí a kò mọ̀ kò ṣeé tọ́jú. Irú iyùn tí èyí ń ṣe gan-an, a ò mọ̀ ọ́n. Màá lọ béèrè, màá sì mọ ohun tó ń ṣe é. Dúró dè mí.”

“Bí o bá pẹ́ ńkọ́?”

“Mi ò ní pẹ́. Jọ̀ọ́, máa mu omi ẹ̀kọ, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.”

Ó fi eérún náà sínú àpò awọ, ó fi ẹran gbígbẹ díẹ̀ tì í, ó gbé ìbọn, ó sì wọ Igbó Agbọ́másọ.

Ní àárín igbó náà ni iwin kan dìde sí i. Elétí-Ewé ni wọ́n ń pè é, nítorí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì ń fi wọ́n fẹ́ ara rẹ̀. Ọdẹ tó bá fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ẹran tó ti pa láyé. Bó bá sì ti dárúkọ ẹran kan báyìí, ẹran náà á jí, á dìde sí i. Egungun àwọn ọdẹ ẹlẹ́nu gígùn kún ibẹ̀ bámúbámú.

“Ọdẹ,” ni iwin náà wí, “kí lo ti pa?”

Ọdẹ́yalé ní, “Ohun tí mo pa kọ́ ló gbé mi wá. Ohun tí mi ò fẹ́ kó kú ló gbé mi wá.”

Etí iwin náà dúró sójú kan. “Sọ ọ́ kí n gbọ́.”

Ọdẹ́yalé sọ ọ́. Ó sọ ti Yéyé tó sùn tí kò jí, ó sọ ti iyùn tó pa ẹnu dé, ó sọ bí Àwẹ̀ró ṣe ń fi ọwọ́ ti oúnjẹ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ oúnjẹ náà. Iwin náà fi etí kan nu ojú, ó fi ìkejì nu ojú Ọdẹ́yalé. Ó ní, “Kọjá lọ, ọkọ Àwẹ̀ró. Má béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mọ́. Lọ bá àwọn iyùn fúnra wọn.” Ó sì fi ọ̀nà hàn án.

Ẹ ò rí nǹkan! Ká ní èmi ni, ẹnu mi ì bá yá. Ǹ bá ti ka ẹfọ̀n, ǹ bá ti ka erin, títí ǹ bá fi dé orí ẹkùn tí mo fọwọ́ lásán mú. Ẹ̀yin kọ́ ni ì bá máa gbọ́ ìtàn lẹ́nu mi lónìí, èèrà ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní ọdẹ náà jù mí lọ.

Ọ̀nà náà gbé e dé Ìlú Ayáòòrùn. Iyùn ni gbogbo ará ìlú náà, wọ́n ga bí ènìyàn, wọ́n sì dúró sínú omi tí kò jìn. Láti ìbàdí sísàlẹ̀ òkúta ni wọ́n, láti ìbàdí sókè ẹran tútù ni wọ́n, kálukú wọn sì tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ sí oòrùn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò sí èéfín, kò sí odó, kò sí ọlọ, síbẹ̀ ara gbogbo wọn ń dán. Baálẹ̀ ìlú náà rí àlejò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó jókòó, ṣùgbọ́n kò fi oúnjẹ lọ̀ ọ́.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ni Ọdẹ́yalé wí, “níbo lẹ ti ń dáná nílùú yìí?”

Baálẹ̀ na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀. “Ibí ni. Ayálégbé ló ń dáná fún wa. Wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, inú ara wa ni wọ́n ń gbé, oòrùn ni wọ́n sì fi ń se oúnjẹ. Àwa fún wọn nílé, wọ́n fún wa lóúnjẹ. Ẹnì kan ò jẹ ẹnì kejì níyà.” Ojú rẹ̀ wá ṣókùnkùn díẹ̀. “Àfi bí ooru bá pọ̀ jù. Bí omi bá gbóná, wọn á kẹ́rù wọn jáde. Wo apá ibẹ̀ yẹn.”

Ọdẹ́yalé wo apá ibẹ̀. Àdúgbò kan gbáko funfun bí ẹfun. Àwọn ará ibẹ̀ kò tíì kú, ṣùgbọ́n ilé wọn ti ṣófo. Ìyá kan láàárín wọn na ọwọ́ rẹ̀ funfun sókè, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe àwọn ayálégbé rẹ̀ pé, “Ẹ padà wálé o. Omi ti tutù. Ẹ padà wálé.” Àánú ṣe Ọdẹ́yalé, ó sì rántí ilé.

Ó mú eérún inú àpò rẹ̀ jáde. Baálẹ̀ gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mi orí.

“Kì í ṣe ìran tiwa. Tiwa funfun nítorí pé ayálégbé jáde. Nínú èyí, ayálégbé kankan kò gbé rí. Kò sí ààrò níbẹ̀ rárá. Níbo lo gbé e sí?”

“Ojú fèrèsé, bàbá. Níbi tí oòrùn ti ń ta dáadáa.”

“Háà! Ẹni tí kò ní ààrò, ìwọ ń ṣẹ́gi ìdáná fún un! Gbé e padà sí ibi òjìji, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Kí o sì máa ronú o, ọdẹ. Ẹni tí kò ní ààrò nínú ilé, ìta ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Ẹnì kan ti ń bọ́ èyí.”

Ọdẹ́yalé rántí yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn kì í dé, ó sì gbá ara rẹ̀ lórí. Yéyé mọ ohun tó ń ṣe.

Ó sọ̀ kalẹ̀ síhà òkun. Ní ibi tí ilẹ̀ ti ń di iyanrìn, ìyá arúgbó kan jókòó sí àárín ọ̀nà, agbada ńlá wà níwájú rẹ̀, ìgbákọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Oníyọ̀ ni. Kò dáhùn ìkíni. Ó ní, “Já àlọ́ mi kí n tó yà fún ọ. Àlejò méjì wọ ilé mi pọ̀. Wọ́n wé mọ́ra wọn débi pé ẹni tó bá rí wọn á ní ẹnì kan ni. Nígbà tí oòrùn mú, ọ̀kan dìde lọ sókè láìdágbére. Èkejì jókòó, kò mira. Ta ló lọ? Ta ló dúró?”

Ọdẹ́yalé ronú títí. Ọ̀fọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ náà ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀mí ló lọ, ìyá. Ara ló dúró.”

Kọ̀ọ̀! Ìyá náà fi ìgbákọ kàn án lórí. “Àròjù á pa ọ́! Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ikú? Wo inú agbada!”

Ó wò ó. Omi òkun ni ìyá náà bù síbẹ̀, oòrùn ti fa ìdajì rẹ̀ gbẹ, iyọ̀ sì ti dì mọ́ etí agbada.

“Omi ló lọ,” ni Ọdẹ́yalé wí. “Iyọ̀ ló dúró.” Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. “Yéè! Mo gbé! Omi tó ń fà nínú ìkòkò mi, kò gbé iyọ̀ rẹ̀ lọ! Iyọ̀ ni mo ń dà lé iyọ̀ lórí!”

“Ó yé ọ wàyí. Ẹni tó lọ là ń wá arọ́pò fún. Ẹni tó jókòó, a kì í gbé àga mìíràn fún un. Omi lásán tó mọ́ ni kí o fi dípò èyí tó fà. Má sì ṣe é ní wàrà o! Díẹ̀díẹ̀ ló fi burú, díẹ̀díẹ̀ ni kí o fi tún un ṣe, kí ó má bàa ta gìrì kú mọ́ ọ lọ́wọ́.” Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. “Ọkọ dáadáa ni ọ́. O kàn jẹ́ ará òkè ni. Kọjá.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà náà ló wá dé ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fi àgbàdo sílẹ̀. Ihò kan wà lábẹ́ àpáta etí òkun, ibi òjìji biribiri tí ìgbì ń gbá wọ̀ tó sì ń gbá jáde. Inú ihò náà ni Ọlọ́pọ̀-Ẹnu ń gbé. Iyùn ni, ó tóbi ju ilé lọ, ó pọ́n bí àgbálùmọ̀, ẹnu ló bo gbogbo ara rẹ̀. Ọdẹ́yalé rí àwọ̀ náà, ó sì dá a mọ̀. Àwọ̀ tí ti ilé ní kí ó tó ṣá gan-an ni.

Ẹnu ńlá kan ní òkè rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ìwọ tó dé, ka ẹnu mi. Mélòó ni?”

Ọdẹ́yalé ti na ìka láti bẹ̀rẹ̀ kíkà ni ẹ̀kọ́ ilé fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ dákun, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Ẹnu ńlá náà ní, “Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ẹni tó bá kà wá, a ó kà á mọ́ oúnjẹ. Dìde. Ebi ń pa wá, kí lo mú wá?”

Ó tú ẹran gbígbẹ inú àpò rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹnu ńlá náà. “Ẹ gbà, àgbà. Ẹ bá mi pín in fún àwọn àbúrò yín.”

Gbì! Ẹnu ńlá náà gbé e mì. Ni àwọn ẹnu tó kù bá bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ọdẹ́yalé ní, “Àgbà, ẹ ò pín in?”

“Ọwọ́ wo ni màá fi pín in?” ni ẹnu náà wí, kò sì bínú. “Ilé kan náà la jọ kọ́, ṣùgbọ́n kálukú ló ni ikùn tirẹ̀. Ohun tí mo jẹ, èmi nìkan ló yó. Bí o bá ń bọ́ ẹnì kan, ìyókù á máa kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó yó, a ò sì lè ran ara wa lọ́wọ́.”

Ẹ tún orí mì fún mi wàyí! Mo sọ fún yín. Ẹ̀kọ́ ilé dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló ní àgbà tó ń pín oúnjẹ.

Omi ti bo ẹnu ihò. Ọlọ́pọ̀-Ẹnu ní kò sí ibi tí ọdẹ náà ń lọ títí gbogbo ẹnu yóò fi jẹun. Ọdẹ́yalé gbé ìbọn sílẹ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ gbọ́n edé wẹ́wẹ́ nínú adágún omi tó wà láàárín òkúta. Ó fẹ́ fi ọwọ́ bọ́ wọn, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ le jù. Ó fa ìyẹ́ ẹyẹ kan yọ lára fìlà rẹ̀, ó ń fi orí ìyẹ́ náà gbé edé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan yanu kíá. Àwọn kan ń tijú, àfi kó kọ́kọ́ fi omi edé pa wọ́n lára, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kó sì dúró, kó dúró sí i, kí ọwọ́ wẹ́wẹ́ kan tó yọ. Bó bá kánjú, wọn á padé mọ́ ọn lójú. Síbẹ̀ kò fo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó bọ́ ẹni ìkẹyìn tán, omi fà sẹ́yìn, ẹnu ńlá náà sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Eérún tó wà nínú àpò rẹ, ọmọ wa ni. Iyùn Abẹ́-Òjìji ni wá, àwa tí à ń jẹun láti ọwọ́. Omíṣadé ló gbé e lọ. Nígbà tó fa àkọ́bí rẹ̀ fọ́kọ, ó wá jókòó síbí, ó sunkún. Ó ní, ‘Ọmọ tí mo ń bọ́ ti ń jẹun ní ìkòkò ẹlòmíràn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi kì í níṣẹ́ mọ́.’ A fún un ní ọmọ wa ẹlẹ́nu kan. Ó sọ ọ́ ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Bó bá ti tún fa ọmọ mìíràn fọ́kọ, ẹnu mìíràn á hù, á sọ òun náà lórúkọ. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bọ́ wọn. Ó ń ta aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, nítorí a kì í ka ọmọ ẹni lójú ayé.”

Ọdẹ́yalé ní, “Ẹnu kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ pátápátá. Ta ni ìyẹn?”

“Ìyẹn hù nígbà tí ìwọ gbéyàwó. Ìyàwó rẹ ni.”

Ọdẹ́yalé jókòó sórí òkúta, ó sunkún gan-an. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọdẹ ń sunkún. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ́ ọ ní orúkọ àwọn ẹnu náà láti orí àgbà dé orí àbíkẹ́yìn. Orúkọ náà ló ń pè lọ́nà tó fi dé ilé, bí iwin bá sì pàdé rẹ̀ lọ́nà, orúkọ náà ló ń gbọ́.

Ó bá Àwẹ̀ró lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò dígí. Ó ti rù débi pé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́.

“O dé?” Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Mo dé, Àwẹ̀ró mi. O mu omi ẹ̀kọ?”

“Mo mu díẹ̀, nítorí pé o bẹ̀ mí.”

Kò sinmi. Ó gbé ìkòkò náà padà sí yàrá ẹ̀yìn. Ó bu díẹ̀ dànù nínú omi rẹ̀, ó fi omi lásán díẹ̀ dípò rẹ̀, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, bí Ìyá Oníyọ̀ ṣe wí. Ó lọ gbọ́n edé tútù nínú odò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gún un, á kán omi rẹ̀ sára iyùn náà, á sì jókòó. Kò sí ẹnu tó ṣí. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn dé, kò sí ẹnu tó ṣí.

“Ọkọ mi,” ni Àwẹ̀ró wí, “kò ní ṣí mọ́. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀.”

“Jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i.”

Wọ́n dúró. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ wẹ́wẹ́ kan yọ lára iyùn náà, ó ń wá nǹkan kiri nínú omi. Ọdẹ́yalé mú ìyẹ́, ó fi orí rẹ̀ gbé edé, ó rọra tì í sí i.

“Àríkẹ́, gbà.”

Àwẹ̀ró gbé orí sókè lórí ẹní. “Kí lo pè é?”

Ẹnu kejì ṣí. “Àṣàbí, gbà. Àlàkẹ́, gbà. Ó tó, má kánjú. Àjíún. Àbẹ̀ó, ìwọ náà ti jí?”

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde jókòó. Orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, bí ohùn yẹn ṣe máa ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn aṣọ. “Kì í ṣe àdúrà,” ni ó wí. “Oúnjẹ ni ó ń fún wa. Ìyá mi, oúnjẹ ni ẹ ń fún wa.” Omijé tí kò dà láti ọjọ́ ìsìnkú wá dà gbùrù. Ọdẹ́yalé kò yíjú padà, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa yẹ̀.

“Àmọ̀kẹ́, gbà. Àyọ̀ká. Àdùfẹ́.”

Ó ku èyí tó wà lábẹ́. Ó padé gbọingbọin, egungun ti ń yọ létí rẹ̀. Ọdẹ́yalé tẹ̀ ba, ó gbé edé tó rọ̀ jù sórí ìyẹ́, ó dúró níwájú rẹ̀.

“Àwẹ̀ró,” ni ó wí, “yanu.”

Kò ṣí.

“Àwẹ̀ró, ìyá rẹ ní kí o jẹun. Jọ̀ọ́, yanu.”

Kò ṣí. Ọdẹ́yalé kò gbé ìyẹ́ náà kúrò. Ó wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, kò sì sí ohun tó mira nínú omi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn náà.

“Ebi ń pa mí.”

Ó yíjú padà. Àwẹ̀ró jókòó lórí ẹní, omijé kún ojú rẹ̀, ó sì yanu sílẹ̀ bí ọmọ kékeré. Ọdẹ yìí sáré bu ẹ̀kọ, ó ń dà á sílẹ̀ lọ́nà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ, òkèlè kan tẹ̀lé òkèlè kan, kò kán an lójú. Nígbà tí wọ́n fi máa wo ìkòkò dígí náà, ẹnu kékeré abẹ́ ti yọ ọwọ́ wẹ́wẹ́ kan síta.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹnu tuntun kan hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Wọn ò kà á. Wọ́n kàn sọ ọ́ lórúkọ ọmọ tó wà nínú Àwẹ̀ró nígbà náà. Ọdẹ́ṣínà ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ wá dákẹ́ wàyí? Baba Ṣàkì, ẹ lajú yín gbàgàdà. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ́yalé àti Àwẹ̀ró ti lọ, wọ́n lọ pẹ̀lú ewú lórí. Oòrùn ti ń wọ̀ yìí, ilé mi, níbi tí ìkòkò dígí náà wà, sì jìnnà díẹ̀. Ìyá Móríyìkẹ́, mo mọ̀ pé ọbẹ̀ yín dùn, ẹ sì ti ń bínú sí mi láti ọdún tó ti pẹ́ pé n kì í dúró jẹun alẹ́. Ẹ dákun, ẹ má bínú mọ́. Àríkẹ́ kò tíì jẹun. Àṣàbí kò tíì jẹun. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ìyá mi kò tíì jẹun.